Kí O Tó Bi Wọ́n Léèrè: Lẹ́tà Sí Àbẹ̀kẹ́

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà lo wà n'Ìbàdàn? Àwa náà wà dáadáa níhìn-ín l'Ẹ̀pẹ́. Ìwé ìbéèrè tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi ti dé, mo sì ti kà á látòkèdélẹ̀, òun àti orí méjì àkọ́kọ́ iṣẹ́ ìwádìí rẹ. Inú mi dùn gan-an. Nínú gbogbo ohun tí ọmọ etí ọ̀sà lè fi gba oyè másítà, o yan bí a ó ṣe kọ́ ènìyàn láti lo omi àti ilẹ̀ kí ó lè kan àwọn ọmọ wa náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ayọ̀ mi ò ní kí n má sọ òótọ́ fún ọ: jọ̀ọ́, má tíì tẹ ìwé ìbéèrè yẹn.

Láti ìbéèrè kìíní títí dé ìparí, ohun kan ṣoṣo lò ń wá, bóyá àwọn èèyàn mọ̀. "Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀rá ń ba omi jẹ́?" "Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé kò dára kí á fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ pẹja?" Wọ́n mọ̀, ọmọ mi. Bi àwọn ìyá tó ń ta òbòkun àti epìyà ní Ọjà Olúwo, bẹ́ẹ̀ ni ni wọn yóò dá ọ lóhùn, torí àwọ̀n ilé wọn ló ń gbé ọ̀rá píọ́ wọ́tà wá sókè níbi tí ẹja yẹ kó wà. Tí o bá wá kọ ọ́ pé ìmọ̀ wọn kéré, o parọ́ mọ́ wọn. Tí o bá kọ ọ́ pé ìmọ̀ wọn pọ̀, a ò tíì mọ ìdí tí ọ̀rá fi kún gọ́tà.

Wo ọ̀rọ̀ ewéko olódòdó àlùkò tó ń bo ọ̀sà, tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth, èyí tó yàtọ̀ sí ojú oró tí àwọn bàbá wa bá láyé. O kọ ọ́ pé ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, ní àwọn ojú omi Àgbádárìgì, àti pé Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá. Òótọ́ ni. Apẹja tí kò jókòó ní kíláàsì rí yóò fi kún un fún ọ pé iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi òkun bá gba ẹnu ọ̀nà Èkó wọ ọ̀sà, ewéko náà á rọ, á kú. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín àti ní ọ̀sà Lẹ́kí, omi iyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ lọ́rùn wa. Ẹni tó mọ èyí kọ́ ni ká máa bi bóyá ó ti gbọ́ ohun tó ń jẹ́ àyíká.

Ọ̀nà ni kò sí fún wọn. Etí omi tí wọ́n ti ń já ẹja, kò sí ibi tí wọ́n lè da ìdọ̀tí sí. Ọkọ̀ akólẹ̀ kò lè wọ àwọn ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́yìn ibẹ̀. Obìnrin tó ha ìpẹ́ ẹja tán, tí ọ̀rá kún ọwọ́ rẹ̀, níbo ni kó gbé e lọ? Béèrè ìyẹn. Ẹni tó ń fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kó ọmọ ẹja mọ̀ pé ẹja èèmíràn lòun ń kó jẹ. Ṣùgbọ́n ta ló ra àwọ̀n náà fún un? Ta ló ń dúró dè é létí omi láti gba gbèsè? Kí ni ilé rẹ̀ yóò jẹ tí wọ́n bá ní kó sinmi pípa ẹja fún oṣù kan?

Ní oṣù Kínní ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé kí á má lo abọ́ tékàwéè funfun yẹn mọ́. Mo fara mọ́ òfin náà tọkàntọkàn. Olóúnjẹ tó wà ní ìkóríta wa náà kò sọ pé irọ́ ni. Ohun tó ní kí n sọ fún òun ni nǹkan tí òun yóò máa fi di ìrẹsì, àti iye tí wọ́n ń tà á. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ rẹ ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, níbi tó ti ń ṣírò owó ewé eéran mọ́ owó ike.

Ìwọ náà lo kọ ọ́ sí orí kejì pé nígbà tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, pe ìpàdé ní ìlú Tbilisi ní Georgia lọ́dún 1977, nǹkan márùn-ún ni wọ́n ní kí ẹ̀kọ́ àyíká fi síni lára: ìfura, ìmọ̀, ọkàn tó bìkítà, ìmọ̀-ọ́n-ṣe, àti ìkópa. Àbẹ̀kẹ́, méjì àkọ́kọ́ nìkan ni ìbéèrè rẹ kàn. Mẹ́ta tó le jù lo fò.

Ọdún yẹn kan náà ni Wangari Maathai bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ igi gbígbìn ní Kẹ́ńyà. Ọ̀mọ̀wé ni, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn obìnrin abúlé ń sọ: igi ìdáná ti jìnnà, odò ń gbẹ, oúnjẹ kò tó. Igi tí wọ́n gbìn tó sì yè, ó ń san owó díẹ̀ fún wọn lórí rẹ̀. Lọ́dún 2004, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà. Tàbí wo ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja tí wọ́n ń pè ní Chorkor. Abúlé apẹja kan l'Ákíráà ló fún un lórúkọ, àwọn ìyá tó ń yan ẹja níbẹ̀ sì bá àwọn olùwádìí dá a ṣe. Ó ń jẹ igi kéré sí ààrò àtijọ́, èéfín rẹ̀ kò sì pọ̀. Ìmọ̀ràn wà nínú èyí fún ọ, torí igi ẹ̀gbà etí omi ṣì ń lọ sínú iná, ojú àwọn ìyá wa sì ń ta.

Mi ò ní kí o máa pọ́n wa o. Àwọn kan wà tí wọ́n ń da oògùn kòkòrò kòkó sómi láti fi pa ẹja. Má ṣàánú wọn nínú ìwé rẹ. Ọ̀nà mìíràn wà fún wọn, wọ́n kọ̀ ọ́ ni, òfin ló sì yẹ kó pàdé wọn. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ẹ̀kọ́ lè wò sàn. Kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Bí ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ bá ní kò sáyè láti yí ìbéèrè padà, má bá a jiyàn. Fi ìrẹ̀lẹ̀ ṣí orí kejì rẹ fún un.

Àǹtí rẹ ní òun yóò mú ọ dé ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà, lẹ́yìn náà dé ìdí ààrò àwọn tó ń yan ẹja. Wá kí òjò tó dé, nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì dilẹ̀ díẹ̀. Kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, bá wọn ha ìpẹ́, kí o sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ títí. Má gbé fọ́ọ̀mù kankan dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ.

Èmi ni ìyá rẹ.