Yìnyín náà máa ń ba oògùn jẹ́ o

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, òtútù Jámánì ńkọ́? Ògbómọ̀ṣọ́ wà níbi tó o fi í sí, ọkọ̀ ò ṣì jẹ́ ká ríbi gbà ní Takie láàárọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ibiṣẹ́ ló gbà mí lọ́kàn.

Wọ́n ṣe tréníìn fún àwa tá à ń di oògùn tó ń lọ sílẹ̀ òkèèrè, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo ti rò pé wọ́n á kàn máa kàwé sí wa létí, ká jẹ ráìsì ká máa lọlé. Rárá o! Kúlà ni wọ́n gbé síwájú wa, wọ́n ní ó yá, ẹ dì í. Mo yọ áìsì páàkì, ìyẹn ike tí omi inú ẹ̀ ti dì, nínú fírísà, bí mo ṣe fẹ́ kì í bọ ẹ̀gbẹ́ àjẹsára báyìí, màdáámú tó ń kọ́ wa di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n gbé e sórí tábìlì ná kó làágùn, kí n máa mì í létí, ìgbà tí mo bá gbọ́ tí omi ń ró nínú ẹ̀ ni kí n tó kó o wọlé. Dìgírì Celsius 2 sí 8 la ń wá nínú kúlà, àjẹsára hepatitis B (àrùn ẹ̀dọ̀) tàbí ti tẹ́tánọ́ọ̀sì tó bá ti dì bíi yìnyín pẹ́nrẹ́n, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, kódà kó yọ́ padà.

Ó wá mú ìgò àjẹsára méjì jáde, ó ti fi ọ̀kan sun fírísà mọ́jú kó tó jẹ́ kó yọ́. Ó mi méjèèjì, ó gbé wọn kalẹ̀. Kò pẹ́ rárá, eléyìí tó ti dì rí silẹ̀ bí ògì, omi tòrò sókè, ìkejì ṣì funfun báláú.

Àbẹ̀kẹ́, ara mi bù máṣọ. Insulin, oògùn àtọ̀gbẹ, tá a máa ń gbé lé orí yìnyín gan-an níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ta ló lọ gún un sára? Ó ń dùn mí títí di ìsinsìnyí.

Wọ́n kọ́ wa ní ti pépà náà, pé nọ́ńbà báàṣì, ìyẹn nọ́ńbà àwọn oògùn tí wọ́n jọ ṣe pa pọ̀, tó wà lára páálí gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu, pé èyí tó máa kọ́kọ́ ẹsipáyà ni kó kọ́kọ́ jáde, ìyẹn ò le. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọn ò pe dírẹ́bà kankan, bẹ́ẹ̀ àwọn ló máa páàkì sínú oòrùn ní bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, tí wọ́n á pa ẹ̀rọ amúkọ̀-tutù torí dísù.

Ìwọ tó o wà nílé ìkẹ́rùsí oògùn lọ́hùn-ún, ṣé wọ́n máa ń kọ́ àwọn dírẹ́bà yín? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Jọ̀ọ́, fi vọ́ìsì ránṣẹ́ kó tó di Mọ́ńdè, mo fẹ́ gbé e lọ bá ọ̀gá wa.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́