Ẹ̀sùn lórí oúnjẹ ìkómọ tó há sí ojú réluwéè Fágbà

Oko-Ọba, Agége,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́rú.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Oníbàárà,
Ilé-iṣẹ́ Tó Ń Fi Ọkọ̀ Gbé Ẹrù.

Ọ̀gá mi,

MO Ń BÉÈRÈ ₦221,500 ÀTI LẸ́TÀ Ẹ̀BẸ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni alásè tí ọkọ̀ yín wá kó oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Oko-Ọba láàárọ̀ Sátidé tó kọjá. Agogo mẹ́jọ àbọ̀ ló yẹ kí oúnjẹ náà ti wà níbi ìkómọ ní Ìjù. Agogo méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ló débẹ̀. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń gbé iṣẹ́ fún yín, n kò sì kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí yín rí. Nígbà tí ẹ fọ́ àwo mi méjì, mo gbójú kúrò. Nígbà tí dírẹ́bà yín kan gbé kúlà ọbẹ̀ mi lọ sílé ìnáwó onínàáwó, ẹ̀rín la fi rín.

Èsì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Ajé ló gbé bírò lé mi lọ́wọ́. Ẹ ní ọ̀nà tó tì jẹ́ àmúwá Ọlọ́run, pé ilé-iṣẹ́ yín kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè lórí ohun tó bá jẹ́ àmúwá Ọlọ́run. Ẹ wá fi kúpọ́ọ̀nù ₦5,000 sí i pé kí n fi gbé ẹrù mìíràn. Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kà á sétí ọmọbìnrin tó ń bá mi gé àlùbọ́sà, ó gbójú sókè, ó ní, "Mummy, Ọlọ́run wo?"

Ìbéèrè tí èmi náà gbé wá bá yín nìyẹn. Ọlọ́run wo ló ti ọ̀nà Fágbà?

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Ní Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ò tíì lù tí àtẹ̀jíṣẹ́ yín fi wọlé sórí fóònù mi. Ó ṣì wà níbẹ̀, n kò pa á rẹ́. Ẹ ní wọ́n máa ti ojú ìkọjá réluwéè Fágbà pa láti agogo mẹ́wàá alẹ́ Jímọ̀ títí di agogo márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ajé, nítorí pé wọ́n fẹ́ tún ojú irin àti ọ̀dà ibẹ̀ ṣe. Ẹ ní kí àwa oníbàárà yín má fòyà, ẹ ti wá ọ̀nà mìíràn fún àwọn dírẹ́bà yín. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi o, èmi kọ́ ni mo sọ fún yín. Ká tiẹ̀ ní ẹ ò sọ ọ́, àwọn onímàrúwà ti ń fi ṣe orin láti ọjọ́ tó ṣáájú: "Sátidé, kò sí Fágbà o! Ẹ má wọlé tán kẹ́ ẹ máa bú wa!"

Síbẹ̀ náà, nítorí pé mo mọ Èkó, mo tún pè yín nírọ̀lẹ́ Jímọ̀. Ọmọbìnrin kan ló gbé fóònù, ohùn ẹ̀ dùn. Mo ní kí ó bá mi sọ fún ẹni tó máa wá pé kó má dé Fágbà rárá, kó gba Pen Cinema, kó gun afárá tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 2021, kó fi ibẹ̀ bọ́ sí ọ̀nà Ìjù. Ó ní, "Mummy, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀." N kò mọ ibi tó kọ ọ́ sí.

Agogo kan òru ni mo ti dìde. Kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù méjì, ti ìrẹsì díndín kan, mọ́ínmọ́ín eléwé 150, àmàlà 80, ewédú, gbẹ̀gìrì, ẹran àti ẹja lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ti se gbẹ̀gìrì rí mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tì mọ́nú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Ọkọ̀ yín dé ní agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ kékeré ni dírẹ́bà náà, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo bi í pé ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà. Ó na fóònù sí mi: Fágbà ni ìlà búlúù náà gbà, tààrà.

Mo ní, "Fágbà ti tì."

Ó ní, "Mà, máàpù ò sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ní kí ó yáa gbàgbé máàpù. Ìgbà yẹn ló wá sọ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ sílẹ̀. Ó ní bí òun bá yà kúrò lójú ọ̀nà tí ọ́fíìsì bá fi sórí fóònù òun, wọ́n á gé e nínú owó òun. Mo pè yín níṣojú ẹ̀ láti gba àṣẹ fún un. Fóònù yín dún títí ó fi kú. Mo tún pè. Ẹ̀rọ kan ní kí n tẹ ení, kí n tẹ èjì. Ọmọ náà ń wo aago, èmi náà ń wo aago. Ó gbéra.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan jókòó tì í, òun ló ròyìn ìyókù. Wọ́n dé Fágbà, wọ́n bá dúrọ́ọ̀mù lójú títì, wọ́n bá katapílà níwájú rẹ̀. Kí wọ́n tó sọ pé àwọn fẹ́ yí padà, ọkọ̀ ti tò lẹ́yìn wọn, èyí tó sì sún mọ́ wọn jù ni ọkọ̀ kan tó kó màlúù, tó ń wá ọ̀nà dé ilé ìpẹran Oko-Ọba. Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ni oúnjẹ mi fi wà níwájú màlúù. Nígbà tí wọ́n rí ààyè yọ, máàpù náà ní kí wọ́n forí lé Abúlé Ẹ̀gbá, ibi tí gbogbo ẹni tí Fágbà lé padà ti ń dà lọ. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ ibẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Èmi ńkọ́? Mo wọ màrúwà dé ẹ̀bá ibi tí wọ́n tì, mo fi ẹsẹ̀ rìn kọjá níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ní kí ẹlẹ́sẹ̀ gbà, mo wọ màrúwà mìíràn lódìkejì. Agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo wọ ilé ìkómọ. Mo wá jókòó bí ẹni tó wá kí wọn lásán. Alásè dé, oúnjẹ ò dé.

Wọ́n fi oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare wúre fún ọmọ tán, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ tán, àwọn àlejò ń wo ẹnu ọ̀nà. Ohun tó kan ẹnu wọn láti àárọ̀ ò ju oyin àti iyọ̀ tí wọ́n tọ́ wò lọ. Nígbà tó di agogo mẹ́wàá àbọ̀, ìyá bàbá ọmọ dìde, kò bá mi sọ nǹkan kan, ó ránṣẹ́ ra búrẹ́dì Agége àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Èmi tí mo ti Agége wá dáná fún wọn, búrẹ́dì Agége ni wọ́n jẹ lójú mi. Ìyá náà ò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Nígbà tí ọkọ̀ yín dé, àwọn tó kù níbẹ̀ ò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gbẹ̀gìrì ti kan. Ewédú ti ṣomi. Mọ́ínmọ́ín tó wà nísàlẹ̀ kúlà ti ń yọ̀. Ìrẹsì ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ ẹ́?

Ó ṣeé ṣe kí ẹ rò pé mò ń bá àwọn tó ti ọ̀nà jà. Rárá o. Inú ọgbà réluwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, aṣọ́géètì réluwéè ni wọ́n, àsíá pupa lọ́wọ́ kan, àsíá aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ kejì. Ojú irin tí òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Ìdó ní 1896, tó dé Ìbàdàn ní 1901, ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣọ́. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ìkọjá réluwéè kì í bà jẹ́ láti òkè, abẹ́ ló ti ń jẹrà. Ọkọ̀ àjàgbé á máa gùn ún, ẹrẹ̀ àti ọ́ìlì á rọ́ sínú òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ irin, omi òjò ò ní í ríbi ṣàn lọ mọ́, irin á wá máa rì. Tó bá ti dà bẹ́ẹ̀, ọ̀dà tí wọ́n bá dà lé e lórí ò lè ju oṣù díẹ̀ lọ. Wọ́n ní láti hú títì, kí wọ́n kó òkúta ìdọ̀tí náà jáde, kí wọ́n pààrọ̀ àwọn ìtì kọ́ńkéré tó dábùú sábẹ́ irin, kí wọ́n da òkúta tuntun, kí wọ́n kì í mọ́lẹ̀, kí wọ́n wọn àlàfo àárín irin méjèèjì. Ti ojú irin àtijọ́ jẹ́ 1,067 mílímítà. Ti tuntun, tí réluwéè Ìbàdàn àti Red Line, réluwéè ìjọba Èkó, ń gbà, jẹ́ 1,435. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n ń tó da ọ̀dà, wọ́n á tún fi ojú ihò tóóró sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin kí ètè ẹsẹ̀ réluwéè lè rí ibi gbà. Kò sí bí ọkọ̀ ṣe lè máa kọjá lórí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n mú, àánú ni wọ́n fi ṣe wá.

Èmi ò ní í bá ẹni tó ń tún ojú réluwéè ṣe jà láéláé. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2023, tí réluwéè àti bọ́ọ̀sì tó kó òṣìṣẹ́ ìjọba kọlu ara wọn ní PWD, Ṣógunlé, tí ẹ̀mí sì ṣòfò, bàbá mi ti kú nígbà yẹn, àmọ́ ohùn wọn ni mo ń gbọ́ létí: réluwéè ò mọ bí wọ́n ṣe ń yà fún èèyàn. Láti oṣù Kẹwàá 2024 tí Red Line ti ń gbé èrò láàárín Agbádó àti Oyíngbò, ọkọ̀ tó ń gba ojú irin wa ti pọ̀ ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Kí wọ́n tì í. Kí wọ́n tún un ṣe dáadáa.

Àwọn tó ti ọ̀nà sọ ọjọ́, wọ́n sọ wákàtí, wọ́n sì ṣí i lọ́jọ́ Ajé bí wọ́n ṣe wí. Màrúwà mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ tilẹ̀ fi kéde fún wa. Fóònù tí ẹ gbé lé dírẹ́bà lọ́wọ́ nìkan ni kò mọ̀, ẹ sì ti so owó ọmọ náà mọ́ fóònù ọ̀hún. Èwo ló jẹ́ àmúwá Ọlọ́run nínú ìyẹn? Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀nà kejì yẹn ni mo san ₦35,000 fún, torí pé ti Fágbà, ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n.

Ó tún ku ohun kan tó dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Lálẹ́ Sátidé, ẹ yọ ₦6,500 sí i nínú owó mi ní báńkì, ẹ pè é ní owó àfikún ìrìn. Ẹ gbé oúnjẹ mi rìn gbéregbère, ẹ gbowó gbéregbère náà lọ́wọ́ mi.

Mo tún gbọ́ pé ẹ ti ní kí dírẹ́bà náà lọ jókòó sílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè é padà. Ó ń sunkún nígbà tó ń já ẹrù. Iṣẹ́ tí ẹ rán an ló jẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ gbà rèé: ₦35,000 tí mo san, ₦6,500 tí ẹ fi kún un, àti ₦180,000 tó ṣẹ́kù tí onínàáwó kò san fún mi, tí n kò sì lẹ́nu láti béèrè. Àpapọ̀ rẹ̀ ni ₦221,500. Mọ́ínmọ́ín tí mo dà nù àti oorun tí n kò sùn, mo fi ta yín lọ́rẹ. Lẹ́yìn owó, mo fẹ́ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tí ẹ máa kọ sí ìyá bàbá ọmọ, tí ẹ máa sọ nínú rẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ pẹ́, kì í ṣe èmi. Mo ń gbé oúnjẹ fún ìdílé yẹn láti ìgbà ìyàwó àkọ́bí wọn.

Ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ nípa òfin fi abala 130 hàn mí nínú òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà: ẹni tó bá sanwó iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí kí iṣẹ́ náà parí lásìkò, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ó lè ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá ìwọ̀n tó tọ́ padà nínú owó tó san. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fún yín. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, LASCOPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni mo máa kọ́kọ́ gbé e lọ, àtẹ̀jíṣẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn á sì bá mi lọ. Ẹ gba kúpọ́ọ̀nù yín padà, n kò lò ó.

Ìnáwó mìíràn wà lọ́wọ́ mi ní Ọgbà ní Sátidé tó ń bọ̀. Màrúwà méjì ni mo ti bá sọ̀rọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá alásè, Oko-Ọba.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: kúlà mi aláwọ̀ búlúù kan, èyí tí ọwọ́ ẹ̀ ti já lápá kan, ṣì wà nínú ọkọ̀ yín. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ kí Sátidé tó dé, ẹran ni mo fẹ́ kó sí i.