Ìtàn Ṣọ́jà Méjì: Ìfẹ́ Rẹ̀ Dùn, Òfin Rẹ̀ Kò Péye

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé o. Ìtàn àròsọ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ yín la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ti ọmọ Ìkẹ́rẹ́ àti ọmọ Ìjerò tí wọ́n jọ wọṣẹ́ ológun, tí ọ̀rẹ́ wọn sì di ìfẹ́. Àwọn kan ti kọ̀wé pé kí ẹ dá a dúró. A ò sí lára wọn. Òǹkọ̀wé náà mọ ọkàn àwọn ọmọkùnrin méjèèjì. Báráàkì àti òfin ni kò mọ̀.

Ó ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ló ń dúró dè wọ́n torí pé sájẹ́ńtì rí lẹ́tà ìfẹ́ nínú àpótí. Rárá o. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan bu ọwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2014 fi ọdún 14 sílẹ̀ fún akọ tó bá gbé akọ níyàwó, tàbí abo tó bá fẹ́ abo. Ẹni tó bá ń fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, ọdún 10 ni tirẹ̀. Ti ológun tún wà lọ́tọ̀, ní abala 81 òfin àwọn ọmọ ogun: ọdún 7 ló ga jù níbẹ̀, ìbálòpọ̀ gan-an ni olùpẹ̀jọ́ sì gbọ́dọ̀ fi hàn. Lẹ́tà inú àpótí lè ba orúkọ jẹ́, ó lè sọ èèyàn di ẹni tí gbogbo ọmọ ogun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò lójú àìdáa, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè fìdí ẹ̀sùn yẹn múlẹ̀.

Kọ́múǹdà tó dá ẹ̀wọ̀n ọdún 5 lórí tábìlì rẹ̀ nínú apá tó kọjá, níbo ló ti rí agbára yẹn? Ilé ẹjọ́ ológun ló ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Kékeré rẹ̀ ní alága àti ọ̀gá méjì ó kéré tán; ńlá rẹ̀ ní alága àti ọ̀gá mẹ́rin ó kéré tán. Olùjẹ́jọ́ lè gba agbẹjọ́rò. Bí wọ́n bá sì ti dájọ́ tán, ìdájọ́ náà ò tíì dúró títí ọ̀gá tí òfin fún láṣẹ yóò fi fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà ni Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ìdúró yẹn ni ìtàn wà! Ẹni méjì nínú gáàdìrúùmù (àtìmọ́lé báráàkì) ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹnì kan ò mọ ohun tí ẹnì kejì ti sọ.

Nínú ìtàn náà, àwọn ọmọkùnrin méjèèjì tún ń jókòó sórí ògiri báráàkì títí ilẹ̀ fi mọ́ lóròòru. Ta ló ń ṣe gáàdì? Wákàtí 2 lẹ́nu iṣẹ́, wákàtí 4 ìsinmi, bẹ́ẹ̀ ni ó sábà máa ń yí. Ọmọ Ìjerò sì fi ọdún 2 di ọ̀gá: ọdún 5 ni wọ́n ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Kaduna. Bí ó bá tiẹ̀ di ọ̀gá, tí èkejì ṣì jẹ́ ọmọ ogun lásán, àfojúdi sí ìlànà ni kí wọ́n máa jẹun pọ̀. Ohun tó sì sábà ń ya irú wọn kì í ṣe kóòtù. Ìwé tó ń gbé ṣọ́jà lọ sí ibòmíràn ni: ẹnì kan sí Maiduguri, ẹnì kejì sí báráàkì Àkúrẹ́ tó sún mọ́lé, kí páàsì (ìwé ìsinmi) àwọn méjèèjì má sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà rárá.

Ìyá inú ìtàn yín tó figbe ta ní ojú ẹsẹ̀ kò jọ ìyá Èkìtì. Ọkùnrin méjì tó sùn lórí ẹní kan, tó jọ bọ ọwọ́ sínú iyán kan, ta ni yóò fura? Ìyá á gún iyán sí i fún ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ ni. Ìgbà tí ọmọ bá lé ní 30 tí kò mú ìyàwó wálé ni ìbéèrè ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn àǹtí ló sì ti ń wá.

Ìtàn náà tún ní àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà tó ń fẹ́ irú ara wọn ti wà lómìnira "tipẹ́tipẹ́"? Oṣù Kẹsàn-án 2011 ni wọ́n tó fòpin sí òfin tí kò jẹ́ kí irú wọn ṣiṣẹ́ ológun ní gbangba. Ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni oṣù Kìíní 2000, wọ́n sì ń gba ọmọ Commonwealth síṣẹ́ ológun wọn. Bí òǹkọ̀wé bá ń wá ọ̀nà àbáyọ fún ọmọ Ìkẹ́rẹ́, kí ó yẹ ìyẹn wò, kí ó sì ka abala 81 kí ó tó kọ apá ẹjọ́ tó ń bọ̀.

Àwa òǹkàwé yín,
Adó-Èkìtì