Ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti rí eegun yẹn sílẹ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o,

Florida nílẹ̀ Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, tómi Peace River bá ti fà báyìí, àwa tá a máa ń wá eegun tó ti di òkúta á ti kó ṣọ́bìrì àti asẹ́ débẹ̀. Àwọn ará ilé máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, "ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, kí lèyí?", tí n bá wá bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti rí i, wọ́n á ní ẹnì kan ló fún àwọn. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Ìkarahun ìjàpá ò ṣòroó dá mọ̀. Ṣẹ́ ẹ rántí àlọ́ yẹn, pé ahun já látòkè, ẹ̀yìn ẹ̀ fọ́, wọ́n wá tò ó pọ̀? Ilà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wá. Èèpo òkè á ti jẹrà, àmọ́ ojú ibi tí èèpo méjì ti pàdé á ṣì hàn lára eegun, bí ìgbà téèyàn fìka fa ilà sórí amọ̀ tútù, etí ẹ̀ á sì rí bí eyín ayùn. Ọ̀kan wà lórí tábìlì mi báyìí, dúdú bí èédú, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Tó bá jẹ́ kòtò wẹ́wẹ́ ló kún ojú ẹ̀ tí ò sí ilà, ó lè jẹ́ ìjàpá omi tí ẹ̀yìn ẹ̀ rọ̀, ó sì lè jẹ́ ọ̀nì, ti ọ̀nì sábà máa ń ga láàárín. Tó bá jẹ́ àmì bí òdòdó, glyptodont nìyẹn, ẹranko ayé àtijọ́ kan tó tóbi tó mọ́tò kékeré, mọ̀lẹ́bí armadillo, ẹranko ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí èèpo líle bo ẹ̀yìn ẹ̀.

Níbí, ẹni tó bá fẹ́ kó eegun ẹranko nílẹ̀ ìjọba á kọ́kọ́ gbàwé àṣẹ dọ́là 5 lọ́wọ́ Florida Museum of Natural History ní Gainesville, àfi tó bá jẹ́ eyín shark, tọ́dún bá sì parí a máa ń kọ ohun tá a rí ránṣẹ́ sí wọn. Àmọ́ odò ti da eegun ayé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ mọ́ra fún wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní kùárì Ewékorò, tó jẹ́ ìsàlẹ̀ òkun láyé àtijọ́, inú òkúta tó bo nǹkan náà mọ́lẹ̀ gan-an lẹ ti ń bá a, ìyẹn la fi ń mọ ọjọ́ orí ẹ̀. Ní Kpogamé ní Tógò, níbi tí wọ́n ti ń wa fọ́sífétì, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, eegun àbùùbùtán ni wọ́n rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kùn ún ní fánníṣì. Kẹ́ ẹ tó gbé e, ẹ fi bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tó ti jáde, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ fáwọn onímọ̀ jiọ́lọ́jì ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Òǹkàwé yín ní Florida