Àṣàkẹ́, pa ẹ́ńjìnnì kí o tó na ọwọ́

Ìkòròdú,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Àṣàkẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Màmá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní ẹja tí o fi ránṣẹ́ láti ọjà Olúwo dé láyọ̀, ẹyọ kan kò bàjẹ́ nínú rẹ̀. A dúpẹ́, Ọlọ́run á máa bù sí i fún ọ. Àmọ́ kì í ṣe nítorí ẹja ni mo ṣe mú bírò. Ọ̀rọ̀ kan tí o sọ lórí fóònù lánàá ni kò jẹ́ kí n fojú ba oorun.

O ní ẹ̀rọ tó ń fọ́n ajílẹ̀ yẹn dá iṣẹ́ dúró láàárín oko, pé ìgbẹ́ adìyẹ ló dì mọ́ ọn nídìí, pé o sọ̀ kalẹ̀ lórí katakata, o fi ṣọ́bìrì gún un, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. O rẹ́rìn-ín sí i. Mo bi ọ́ pé ṣé o pa ẹ́ńjìnnì kí o tó lọ síbẹ̀. O ní, "Bàbá, ẹ má ṣèyọnu, ìṣẹ́jú kan péré ni." Mi ò lè fèsì nígbà náà torí màmá rẹ jókòó tì mí. Èsì náà ni mo ń kọ yìí.

O rántí àpá tó wà ní èjìká mi ọ̀tún? Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń fi ìka tọ ipa rẹ̀, o máa ń bi mí pé kí ló ṣe é, mo sì máa ń sọ pé igi ló ha mí. Kì í ṣe igi. Ọ̀pá PTO ni, èyí tó ń gbé agbára láti ara katakata lọ sí ara ẹ̀rọ.

Ọdún 1996 ni, ọyẹ́ ń mú. Mo ń wa katakata ní oko kan lápá Ìmọ̀ta, ìgbẹ́ màlúù là ń fọ́n. Ike tó yẹ kó bo ọ̀pá náà ti fọ́ láti bí oṣù méjì. Ọ̀gá tó ni oko ní òun á rà á tí owó bá wọlé, èmi náà sì dákẹ́, mò ń ṣiṣẹ́ lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì kakí ọlọ́wọ́ gígùn kan tó ti gbó ni mo wọ̀, bọ́tìnnì ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti já, ọwọ́ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Okùn kan há sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ lódìkejì. Dípò kí n rìn yí i ká, mo na ọwọ́ kọjá lórí ọ̀pá tó ń yí. Mi ò mọ ìgbà tó gbá aṣọ mi mú. Ohun tí mo kàn rí ni pé irin ti dé iwájú imú mi. Aṣọ náà ń wé mọ́ ọn bí òwú ṣe ń wé mọ́ ìrànwú, ó sì ń wọ́ mi lọ, mi ò tíì ráyè pariwo. Gbígbó tí aṣọ yẹn gbó ni Ọlọ́run fi yọ mí. Ó ya láti ọrùn dé ìdí, ó bọ́ kúrò lára mi, ó sì bó awọ èjìká mi lọ. Màmá rẹ ti ń bá mi jà tipẹ́ pé kí n sọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn nù, pé ó ti fẹ́lẹ́ jù. Ká ní aṣọ tuntun ni mo wọ lọ́jọ́ náà, a ò bá má bí ọ.

Ìdí nìyẹn tí "ìṣẹ́jú kan péré" rẹ fi dẹ́rù bà mí. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ máa ń yí ní ìgbà 540 láàárín ìṣẹ́jú kan. Pín in wò: ìgbà 9 ni láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí o tó pe "yéè" tán, ó ti fi aṣọ rẹ wé ara rẹ̀ ní ìgbà mẹ́sàn-án. Kò sí ọ̀dọ́kùnrin tó lágbára tó lè fà ọ́ padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, Àṣàkẹ́, ohun tó wù kó dì, ohun tó wù kó há, yọ PTO kúrò lẹ́nu iṣẹ́, fa bíréékì ìdúró, pa ẹ́ńjìnnì, yọ kọ́kọ́rọ́, fi í sínú àpò ara rẹ. Àpò ara rẹ ni mo wí, má fi sílẹ̀ lórí ìjókòó, torí ẹni tó rò pé òun ń ràn ọ́ lọ́wọ́ lè gùn ún kó sì ṣí i. Lẹ́yìn náà, dúró. Àwọn ọ̀pá eléyín tó wà lẹ́yìn, tó ń fọ́ ajílẹ̀ túútúú, kì í dúró lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á ṣì máa yí lọ díẹ̀. Ìgbà tí o bá rí i pé wọ́n dúró jẹ́ẹ́ ni kí o tó mú ṣọ́bìrì. Má sì ṣe gun inú àpótí rẹ̀ láé tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ṣéènì ilẹ̀ rẹ̀, tó ń wọ́ ajílẹ̀ lọ sẹ́yìn, a máa rìn jẹ́jẹ́ bí ìgbín, ènìyàn á rò pé kò lè ṣe òun ní nǹkan, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ tó bá ti mú, ọ̀dọ̀ àwọn eléyín ló ń gbé e lọ.

Ìborùn rẹ ńkọ́? Mi ò ní kí o má bo orí o. Kí o lo èyí tó kúrú tó sì fún mọ́ orí, kí o ki etí rẹ̀ bọ inú ofaróòlù, kí o sì di irun rẹ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ofaróòlù náà kò gbọdọ̀ tóbi jù ọ́ lọ. Tí ti iléeṣẹ́ bá tóbi, màmá rẹ á bá ọ dín in.

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí mo rí ni pé àwọn tí irú ẹ̀rọ yìí ń ṣe lọ́ṣẹ́ kì í ṣe aláìmọ̀kan. Wọ́n mọ̀ pé ó léwu. Ẹ̀rọ ló dá dúró lẹ́ẹ̀kẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan, oòrùn ń mú, ọ̀gá ń pè, sùúrù wọn bá tán. Èmi gbà pé ẹni tó bá tọ́jú ẹ̀rọ rẹ̀ dáadáa, ìdánwò yẹn kì í sábà dé bá a. Ìtọ́jú tí mo fẹ́ sọ yìí, má pè é ní iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀. Ìgbẹ́ tó ń ti ilé adìyẹ wá kì í dá wá: okùn àpò oúnjẹ adìyẹ, wáyà àgò, pákó tó ní ìṣó, òkúta. Okùn ló burú jù, ó máa ń wé mọ́ ọ̀pá eléyín títí yóò fi dì í pa. Ní kí àwọn lébúrà ṣa wọ́n kúrò nílẹ̀ kí wọ́n tó kó o sínú àpótí, kí ìwọ náà sì fojú ara rẹ wò ó. Má jẹ́ kí wọ́n kún un gègèrè. Ìgbẹ́ tí òjò pa wúwo ju gbígbẹ lọ dáadáa, bí ẹ̀yìn bá sì wúwo jù, katakata á máa gbé imú sókè. Torí èyí náà ni o kò fi gbọdọ̀ so ẹ̀rọ mọ́ ibòmíràn yàtọ̀ sí irin ìfà tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá so ó sókè, katakata lè dojú dé e mọ́lẹ̀ kó tó ṣẹ́jú. Kí píìnì tí a fi so ó ní ìdè rẹ̀ lẹ́nu.

Má jẹ́ kí ajílẹ̀ sun inú rẹ̀ mọ́jú. Ohun tó jẹ́ kó dì mọ́ ọn lánàá nìyẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra. Èyí tó bá sun ibẹ̀ á dì bí amọ̀, tí ṣéènì bá sì fẹ́ wọ́ ọ láàárọ̀, nǹkan kan á já. Fọ́n ọn tán, fi omi fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, jẹ́ kó gbẹ, fi óìlì pa ṣéènì. Ìgbẹ́ adìyẹ a máa jẹ irin, òórùn rẹ̀ tó máa ń ta ènìyàn lójú tó sì ń yọ omi lójú ẹni ló ń ṣe é, atẹ́gùn ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ náà ò sì kúkú ṣàánú irin. Ibi tí o bá ti ń fọ̀ ọ́, kí omi rẹ̀ má ṣàn lọ sínú kànga tàbí odò.

Láàárọ̀, kí o tó ṣí ẹ́ńjìnnì rárá, fún gírísì sí oríkèé ọ̀pá àti gbogbo ibi tó bá ní ihò gírísì. Wo ṣéènì ilẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì bóyá líle wọn dọ́gba. Tí ọ̀kan bá dẹ̀, pákó ilẹ̀ á máa rìn wọ́rọ́kọ́. Fi ọwọ́ yí ike tó bo ọ̀pá. Ó gbọ́dọ̀ máa yí fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀pá inú rẹ̀ ń bá a yí. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọ̀pá, kò wúlò mọ́, bó tilẹ̀ dà bíi tuntun lójú. Táyà àti nọ́ọ̀tì rẹ̀, o ti mọ ìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ píìnì kékeré tó so ọ̀pá mọ́ ẹ̀rọ, èyí tó máa ń já. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó rọ̀, kó lè jẹ́ pé òun ni yóò kọ́kọ́ já tí òkúta bá há. Mo mọ awakọ̀ kan tí ọ̀rọ̀ píìnì yìí sú, tó gé irin ìkọ́lé sí ojú ihò náà. Irin ò já lóòótọ́. Gíábọ́ọ̀sì ló fọ́. Irú èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀rọ náà ni kí o máa fi sí i, tó bá sì já lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, wá ohun tó ń já a.

Àwọn ọmọ abúlé máa ń sáré tẹ̀ lé katakata. Dúró, lé wọn, kí o tó tẹ̀ síwájú. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ yẹn máa ń ju òkúta bí kànnàkànnà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró sáàárín ẹ̀rọ àti katakata tí o bá ń fi ẹ̀yìn rìn lọ so ó. Tí o bá sì máa gba ojú títì Ìtòíkín, ọ̀sán ni kí o gbà á, kí àmì pupa tó ń tàn wà lẹ́yìn rẹ. Àwọn tírélà yẹn ò mọ̀ pé ò ń rọra lọ títí wọ́n á fi dé ìdí rẹ.

Lo ìbomú nítorí eruku rẹ̀, kí o sì lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Wáyà ilé adìyẹ kì í dá ọgbẹ́ kékeré síni lára. Fún oko ewédú tí o ní ẹ fẹ́ ṣe, ẹ má fọ́n ìgbẹ́ tútù síbẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ̀gbìn láìlo kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà, òfin wọn ni pé kí ọjọ́ 120 wà láàárín ìgbẹ́ tútù àti ìkórè ohun tó bá ń fara kan ilẹ̀. Ewédú kì í lo ìdajì ìyẹn kí wọ́n tó já a lọ sọ́jà. Ẹ kó o jọ, kó gbóná nínú òkìtì kó sì jẹrà dáadáa ná.

Lánàá, o ní ike ọ̀pá tiyín ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àmọ́ ó ṣì dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ níbí tó ń ta ẹ̀yà ara katakata, mo ti san owó rẹ̀. Mò ń gbé e bọ̀ fúnra mi lọ́jọ́ Sátidé. Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá mú agolo mílíìkì kan dání, píìnì mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Wọn ìnípọn wọn mọ́ èyí tó wà lára ẹ̀rọ kí o tó lò ó.

Má gbé ẹ̀rọ náà jáde kí n tó dé. Tí ọ̀gá rẹ bá bínú, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pè mí, èmi á fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ ọ́, màá sì sọ ti èjìká mi fún wọn.

Èmi ni bàbá rẹ.