Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tí Ẹ Ń Ṣòwò n'Íjẹ̀bú, Ọ̀rọ̀ Kan Ò Jẹ́ Kí N Sùn

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣòwò ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, títí dé Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́,

Mo kí yín o. Ẹ kú ọjà. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí orúnkún ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ṣọ́ọ̀bù gàrí tó ṣí lọ́nà Ìbàdàn, tí gbogbo wa lọ ṣàdúrà sí, tí a jẹ ìkọ́kọrẹ́ níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò pé oṣù mẹ́rìnlá. Gàrí Ìjẹ̀bú gidi ló ń tà o, èyí tí wọ́n jẹ́ kó kan dáadáa nínú àpò kí wọ́n tó sẹ́ ẹ, kí wọ́n tó yan án. Ó gba nọ́ńbà NAFDAC. Ọ̀rá rẹ̀ ń dán. Ó gbé fọ́tò Olóyè Adéọlá Odùtọ́lá kọ́ ògiri, nítorí pé ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, òun ló sì kọ́kọ́ jẹ ààrẹ MAN, ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ Nàìjíríà, ní 1971. Ó ní òun náà á débẹ̀. Mo ṣe àmín.

Ojú mi ló ṣe, ohun tó wó ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, obìnrin kan ti Ṣàgámù wá, ó mú ọ̀rá gàrí kan dání, ọ̀rinrin ti wọ̀ ọ́, ó ti bu. Ọmọbìnrin tó ń tajà ò tiẹ̀ gbójú kúrò lórí fóònù. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára ọ̀rá. Kì í ṣe ọjà tèmi." Obìnrin náà wo ọ̀rá, ó wò mí, ó gbé e lé káńtà, ó sì lọ.

Kì í ṣe ọjà tèmi.

Mo pe ọmọ wa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Màmá, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò ṣeé gbà síṣẹ́." Mo ní ìgbà wo lo sanwó oṣù kẹ́yìn? Ó dákẹ́. Oṣù méjì! Mo tún bi í pé, bí ọmọ yẹn bá pààrọ̀ gàrí fún obìnrin náà ńkọ́? Ó ní òun á yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀, ìlànà ilé iṣẹ́ ni. Ìlànà ilé iṣẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, ta ló purọ́ níbẹ̀? Òótọ́ lọmọ ọlọ́mọ sọ. Kì í ṣe ọjà tirẹ̀.

Lọ́dọ̀ ìyá kan ní ọjà Òkè-Ajé ni mo ti kọ́ òwò gàrí, èmi àti ọmọbìnrin méjì mìíràn. Alẹ́ tí 1972 ń parí lọ ni mi ò lè gbàgbé. Ọjọ́ kejì ni náírà máa bẹ̀rẹ̀. Pọ́n-ùn kan á di náírà méjì, ìyẹn ò le. Kọ́bọ̀ ni wàhálà. Kọ́bọ̀ àtijọ́, méjìlá ló wà nínú ṣílè kan; kọ́bọ̀ tuntun, mẹ́wàá péré. Ìyá wa da hóró àgbàdo sórí ẹní, ó ní ká jókòó yí i ká, a sì ń kà á títí àkùkọ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ fi kọ́bọ̀ méjì yẹn rẹ́ arúgbó kankan jẹ, àní bí arúgbó náà bá fọwọ́ ara rẹ̀ fún wa. Àwọn kan rí jẹ lọ́jà lóṣù yẹn, mo fojú rí wọn. Nígbà tó fi máa di Àjíǹde, àwọn ìyá àgbà ti ń rán ọmọ ọmọ wọn láti ọ̀nà jíjìn wá sí ìsọ̀ wa: "Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ka ṣéńjì síni lọ́wọ́."

Ìyá wa yẹn tún máa ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wa ní bàsíà gàrí kan lọ́jọ́ ọjà. Owó orí rẹ̀, tirẹ̀, èrè, tiwa. Bí oníbàárà bá ní gàrí ò dáa, ẹni tó bá wà níbẹ̀ nínú wa á pààrọ̀ rẹ̀, á bu ènì lé e, tó bá dalẹ́ ó ròyìn. Ó lè bú wa lálẹ́ o, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ! Ṣùgbọ́n kò bú wa lójú oníbàárà rí. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí oníbàárà máa nawọ́ gbọjà, kí ọ̀gá máa pariwo "ọ̀dẹ̀" lé ẹni tó ń dì í fún un lórí, kí ẹ wá retí pé kí ọ̀dẹ̀ yẹn rẹ́rìn-ín sí i?

Ẹ má bínú. Inú ló ń bí mi.

Ọmọ wa tún ṣí gúrúùpù WhatsApp fún àwọn oníbàárà. Wọ́n fi mí sínú rẹ̀. Láàárọ̀, gàrí ti dé. Lọ́sàn-án, owó gàrí ti wá sílẹ̀. Obìnrin kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá òun kú. Ohun tó tẹ̀ lé e ni fọ́tò gàrí kílò márùn-ún. Kò sẹ́ni tó kí i. Àwọn ènìyàn ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ wa sì ń kówó fún Facebook kí wọ́n lè bá a wá àwọn tuntun.

Ẹ sì ń lọ Ojúde Ọba lọ́dọọdún! Ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù á sanwó bàálù wálé, á ra aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà rẹ̀, á ra fìlà, bàtà, ìlẹ̀kẹ̀. Ta ló polówó fún un? Wọ́n mọ̀ ọ́n níbẹ̀ ni. Bí kò bá wá, wọ́n á bèèrè rẹ̀. Télọ̀ kan wà ládùúgbò wa tó ní ìwé kan tó ti gbó. Orúkọ oníbàárà, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tó wá kẹ́yìn. Ẹni tí kò bá rí fún ìgbà pípẹ́, á pè é, á kí i, kò ní dárúkọ aṣọ. Tí Iléyá bá ku oṣù kan, iṣẹ́ ló ń dá padà. (Kò sì tàwìn o. Oníbàárà tó di ẹbí kọ́ ló ní kí ẹ tàwìn, ẹ má fi ìyẹn kùn mí.)

Ẹ san owó oṣù lọ́jọ́ tí ẹ dá. Ẹ sọ iye tí ẹ ra ẹ̀gẹ́ fún àwọn tó ń bá yín tà á, kí wọ́n mọ ìdí tí owó fi lé. Ẹ lọ bi ẹni tí kò wá mọ́ léèrè, kí ẹ sì fara da ohun tó bá sọ.

Ọmọbìnrin tó sọ̀rọ̀ yẹn ti ń ta gàrí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè báyìí. Wọ́n ní ó máa ń bu ènì. Àtọjọ́ ni mo ti ń rò ó pé irú ọmọ yẹn ló wà ní káńtà wa.

Ọmọ wa ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Sátidé. Ó ní òun fẹ́ yá owó láti tún bẹ̀rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé kó mú ìwé owó oṣù àwọn ọmọ yẹn dání, ká kọ́kọ́ ṣírò ohun tó jẹ wọ́n.

Èmi ni,
Ìyá yín, onígàrí Òkè-Ajé àná.