Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ mobile home yẹn dáadáa

Bọ̀dá mi, mo kí yín o, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Mo gbọ́ vóìsì nóòtì yín tán pátá. Ẹ ní ká fi owó tí gbogbo wa ń dá jọ ra mobile home, ìyẹn ilé tí wọ́n kàn tán nílé iṣẹ́ tí wọ́n wá fi ọkọ̀ gbé lọ síbi tó máa wà, níbí ní Texas, ká máa fi gba rẹ́ǹtì. Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ilé lọ́tọ̀, ilẹ̀ tó jókòó lé lọ́tọ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀pọ̀ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń polówó yẹn, inú páàkì, ìyẹn ọgbà tí wọ́n to irú ilé bẹ́ẹ̀ sí, ló wà. Ẹni tó ni páàkì ló ni ilẹ̀, ẹ̀ẹ́ máa san lot rent, ìyẹn owó ilẹ̀, fún un lóṣooṣù, ayálégbé wà níbẹ̀ o, kò sí o, bó bá sì fowó kún un kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, torí pé orúkọ lásán ni mobile yẹn, kéèyàn tó gbé e kúrò láàyè ẹ̀, ọkọ̀ ńlá, pámíìtì, àwọn tó máa tú u àtàwọn tó máa tún un dè mọ́lẹ̀ níbòmíì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni. Páàkì míì ò tiẹ̀ gbà kéèyàn fi ilé ẹ̀ gba rẹ́ǹtì rárá, ẹni tó ra ilé ló gbọ́dọ̀ gbébẹ̀. Àwọn kọ́ńpìnnì olówó ńlá náà sì ti ń ra àwọn páàkì yìí káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n ń fowó lé àwọn tálákà tó ń gbébẹ̀ lórí, ó ń dùn mí gan-an.

Tá a bá ra ilẹ̀ tiwa, a lè lọ kọ ilé náà mọ́ ilẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, báǹkì á wá kà á sí ilé gidi. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ẹrù ni wọ́n kà á sí, èlé orí owó tí wọ́n máa yáni á ga, ọdún tí wọ́n máa fún wa láti san án á sì kéré.

Mo lọ wo ọ̀kan ní Sátidé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún, ó ń dán, àmọ́ bí mo ṣe tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú bàfúrúùmù báyìí, ilẹ̀ rọ̀, ó ń tẹ̀ wọlé, omi ti wọ inú pákó abẹ́ ẹ̀ ó sì ti wú. Mo ṣí páálí tí wọ́n fi bo abẹ́ ilé, mo tan tọ́ọ̀ṣì, páìpù ń jò tó, tó, tó. Mo wá irin pẹlẹbẹ pupa tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ara ilé níta, mi ò rí i. Ilé tí wọ́n bá ṣe látìgbà tí òfin HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, bẹ̀rẹ̀ ní June 15, 1976 ló máa ń ní in, èyí tó bá ti ṣáájú ìgbà yẹn, báǹkì àti ìnṣọ́ránsì kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án. Mo yáa jáde.

Ẹ bá mi sọ fún Àǹtí kó má tíì fowó ránṣẹ́. Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn ìlú tí mo ń lé, mo fẹ́ bi wọ́n ní county, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, bóyá wọ́n gba mobile home níbẹ̀, kí n sì wo ìwé ilẹ̀ náà, torí àwọn míì kọ ọ́ sínú ìwé pé wọn ò fẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ omi àti kòtò ìgbọ̀nsẹ̀. Màá pè yín lọ́jọ́ Sunday tẹ́ ẹ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Àbúrò yín